Ọmọ Funfun Mẹ́rin Tí Olorì Bí

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ọkọ̀ gbé e ní aago mẹ́jọ àárọ̀, òun àti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ àti àpótí méjì. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló forí lé, níbẹ̀ ni wọn yóò ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí. Oṣù mẹ́ta gbáko kó tó padà. Kó tó wọ ọkọ̀, ó gbé agbọ̀n lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ìkókó fún alágbàtọ́. Olorì, ológbò rẹ̀, wà nínú rẹ̀, ó ń ké.

"Ẹsẹ̀-ò-dúró," ló pè mí. Orúkọ tó fún mi láti kékeré nìyẹn. "Olorì nìkan ló kù nínú ìran yìí. Ogún ọdún ni mo fi ń sìn wọ́n bọ̀. Mo ti gbé e lọ bá akọ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, àná ló dé. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan, kò gbọdọ̀ rí ìta. Ilẹ̀kùn o, fèrèsé o, ihò kíhò. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní kí n ti fèrèsé."

Ó wò mí títí. "Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n o ò parí nǹkan kan rí."

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo ti wa ọkọ̀ rí, mo ti tún rédíò ṣe, mo ti sin adìẹ, mo kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà dé ìdajì ògiri, mo sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀. Iṣẹ́ férémù fọ́tò tí mò ń ṣe báyìí ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi, ọdún mẹ́rin. Ìyàwó mi ní òun ṣì ń ka ọjọ́.

Ìwé méjì ni Ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀. Ọ̀kan ni ìwé àtijọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ìran Olorì. Ìkejì ṣófo, kí n máa kọ bó ṣe ń jẹun àti bí ara rẹ̀ ṣe rí sínú rẹ̀. Èyí tí mò ń kọ yìí ni ẹ̀kẹta, èmi ni mo fowó mi rà á. Mo mọ ara mi. Ohun tí mo bá kọ sínú ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò kà á. Ó yẹ kí èmi náà níbi tí mo ti lè sòótọ́.

Ajé, ọjọ́ kejì

Ta ló ní ológbò lèyí? Ọmọ tó ń yọ eyín ni! Láti ìdájí ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá dáhùn, yóò fèsì. Bí mo bá dákẹ́, yóò gbóhùn sókè. Obìnrin tó wá gba férémù fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí.

"Ẹ kú oríire o. Ta ló bímọ?"

Mo gbé Olorì jáde fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Kì í ṣe òun nìkan, èmi náà ṣì ń wò ó bí ẹni tí kò rí ológbò rí. Ara rẹ̀ dà bíi wàrà tí a bu tíì sí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, etí rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìrù dúdú, bíi pé ó ti orí bọ àpò èédú, ó tún wá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó ń jáde. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn gígùn, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó níwájú bí igun férémù tí a gé dáadáa. Ẹyinjú rẹ̀ wá búlúù, búlúù ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

"Ẹ máa tọ́jú ẹ̀ o," ni obìnrin náà wí. "Ìyẹn ò jọ ti ilé àwa."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Ohun tí mo kọ sínú ìwé Ẹ̀gbọ́n mi: Ó jẹun dáadáa. Ara rẹ̀ le.

Ohun tó ṣẹlẹ̀: mo wẹ̀, ilé ìwẹ̀ kún fún ooru, mo ṣí fèrèsé kékeré tó wà lókè. Fèrèsé yẹn ò tóbi ju ìwé méjì tí a tò síra lọ. Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ dá a lóhùn, mo gé dígí kan fún un. Nígbà tí mo padà, ilé dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí.

Orí ògiri ẹ̀yìnkùlé oníbúrẹ́dì ni mo ti rí i. Ìyẹ̀fun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, akọ ológbò oníbúrẹ́dì, funfun báláú láti imú dé ìrù. Olorì ń lá ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó jẹun yó.

Oníbúrẹ́dì yọjú, gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. "Ẹ̀gbọ́n oníférémù! Àbí a ti di àna ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dénú. Mo gbé Olorì wọlé, mo ti fèrèsé náà, mo kan ìṣó mẹ́ta mọ́ ọn. Ìṣó mẹ́ta! Lẹ́yìn tí ẹṣin ti jáde, mo wá ń ti ilé ẹṣin.

Mi ò sọ fún ìyàwó mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Iṣẹ́ abẹ di Ọjọ́bọ̀. "Fèrèsé ńkọ́?"

"Mo ti kàn án pa."

Ó yìn mí. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo lè ronú tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí àga fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, Olorì sì jókòó sórí ẹsẹ̀ mi, ó ń wo ojú mi bí adájọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Iṣẹ́ abẹ ti parí, ó sì yọrí sí rere. Ọmọ rẹ̀ ló pè. Mo fò sókè débi pé mo fọ́ dígí kan.

Nítorí ayọ̀ yẹn ni mo fi jókòó ka ìwé àtijọ́ rẹ̀. Síàmù ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tí ìran Olorì ti ṣẹ̀ wá, lọ́hùn-ún ní ìlà-oòrùn ayé. Ó kọ ọ́ pé nínú àwọn ìwé àtọwọ́dọ́wọ́ ilẹ̀ náà, wọ́n kéwì fún wọn, wọ́n sì yàwòrán wọn pẹ̀lú etí dúdú àti ìrù dúdú. Ó ní ó tó ogóje ọdún sẹ́yìn tí aṣojú ìjọba kan mú akọ kan àti abo kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ fún arábìnrin rẹ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó. Ẹnì kan tó kọ́kọ́ rí wọn lọ́hùn-ún ní wọ́n dà bí ẹran inú àlá burúkú. Kò mọ nǹkan kan!

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín: pé ọmọbìnrin ọba kan máa ń fi òrùka rẹ̀ kọ́ ìrù ológbò rẹ̀ bó bá ń wẹ̀ lódò, ìrù náà sì ká kókó lórí kí òrùka má baà bọ́. Ìtàn lásán ni, mo mọ̀. Síbẹ̀ mo lọ fọwọ́ tọ ìrù Olorì. Kókó kékeré kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítòsí ṣóńṣó.

Nípa ìwà wọn, ó kọ ọ́ pé: "Wọn kì í fẹ́ dá wà. Wọn a máa jowú. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn jáde bí o bá ń fi ojú ẹran lásán wò wọ́n. Bí o bá fẹ́ ológbò tí yóò dákẹ́, lọ ra àwòrán."

Ojú ewé tó kàn, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "ÌBÍMỌ" sókè, ìlà méjì péré nípa àpótí àti aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti ya ewé kan kúrò. Mo kọ́kọ́ rò pé eku ni. Ṣùgbọ́n ní ilé ológbò, eku wo? Eku kì í sì í fi rúlà ya ìwé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Dókítà ẹran fá irun ẹ̀gbẹ́ Olorì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. "Mẹ́rin," ló wí. "Ẹ wò wọ́n, wọ́n tò bí ẹ̀pà."

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni dókítà yìí, ọwọ́ rẹ̀ ò yára. Mo fẹ́ bi í pé ṣé ẹ̀rọ náà lè rí bàbá. Mo gbé e mì. Ẹja ti tún wọ́n sí i lọ́jà, mo sì ra ìlọ́po méjì fún Olorì, torí bí ẹ̀ṣẹ̀ bá pọ̀, ẹja náà gbọ́dọ̀ pọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù keje

Òjò láti àárọ̀. Olorì ti mọ bí a ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀ tí mò ń kó ìṣó sí. Bí èmi àti ìyàwó mi bá jókòó pọ̀, yóò wá fi ara rẹ̀ sáàárín, yóò kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó mi.

"Ẹ sọ fún orogún mi kó sún," ni ìyàwó mi wí.

"Sọ fún un fúnra rẹ."

"Ìwọ Olorì, èmi ni mo kọ́kọ́ délé yìí."

Olorì dá a lóhùn. Wọ́n jọ fà á tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mi ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Àìkú, ogúnjọ́

Irun tí dókítà fá ti ń hù padà, ṣùgbọ́n dúdú ló ń hù! Ibi tó jẹ́ àwọ̀ wàrà tẹ́lẹ̀ ti dúdú bí àbùlẹ̀ lára aṣọ. Mo ti bà á jẹ́ nìyẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe bà á jẹ́, àmọ́ ó dá mi lójú pé èmi ni.

Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Wọ́n ti dé! Aago méjì ọ̀sán ni àkọ́kọ́ yọ, ẹ̀kẹrin dé kí aago mẹ́rin tó lù. Olorì ò jẹ́ kí n kúrò. Bí mo bá dìde, yóò dìde pẹ̀lú ọmọ lábẹ́, ni mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kalẹ̀, mo fi ìka kan kan orí rẹ̀ títí ó fi parí. Ìyàwó mi pa ṣọ́ọ̀bù ìdirun rẹ̀ tì, ó mú aṣọ gbígbẹ wá, ó ń sọ pé, "Orogún mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ewu, ìyá ọlọ́mọ."

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń mu ọmú. Mò ń kọ èyí, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè.

Àmọ́ funfun ni wọ́n o. Báláú. Etí, imú, ìrù, kò sí àmì dúdú kan lára wọn. Funfun bí ìyẹ̀fun.

Mo wo Olorì. Olorì wo ibòmíràn.

Ajé, ọjọ́ kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi pariwo ayọ̀ lórí fóònù. "Mẹ́rin! Ẹsẹ̀-ò-dúró, o ṣe é!" Kò bi mí nípa àwọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò bi mí. "Má jẹ́ kí òtútù mú wọn o," ló tún sọ, "òtútù ló ń pa wọ́n."

Mo gbé gílóòbù ńlá kọ́ orí àpótí wọn. Mo fi omi gbígbóná sínú ìgò méjì, mo fi tówẹ́ẹ̀lì wé wọn, mo tẹ̀ wọ́n sábẹ́ aṣọ. Bí mi ò bá lè fún Ẹ̀gbọ́n mi ní ìran rẹ̀, mo lè fún un ní ọmọ tó wà láàyè. Inú àpótí yẹn móoru bí ẹ̀yìn ààrò oníbúrẹ́dì.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ológbò onírandíran. Yóò wá ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n mi yóò padà gan-an, láti wo àwọn ọmọ náà, kó sì kọ wọ́n sínú ìwé ìdílé. Bí àwọ̀ wọn ò bá tọ̀nà, kò ní kọ wọ́n. Kò sì sí abo mìíràn lẹ́yìn Olorì, òun náà sì ti dàgbà. Ogún ọdún Ẹ̀gbọ́n mi, fèrèsé kan ṣoṣo.

Mo kọ lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n mi láti jẹ́wọ́. Mo ya á. Mo kọ òmíràn, ó sàn díẹ̀, mo ya ìyẹn náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí kíákíá kí ìtìjú má baà mú mi. Ìyàwó mi ní dáì dúdú tó fi ń kun irun àwọn àgbà obìnrin. Mo bu díẹ̀ sínú àwo. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù nínú búrọ́ọ̀ṣì férémù mi. Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lé àtẹ́lẹwọ́. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ó wò mí, ó ya ẹnu bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò tíì tó o sọ.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ìyàwó mi ni.

"Mò ń wò ó ni."

"Ẹ ń fi búrọ́ọ̀ṣì wò ó?"

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: fèrèsé, ògiri, Ìyẹ̀fun, irọ́ orí fóònù. Ó jẹ́ kí n rò ó tán. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó di orí àga mú kó má ṣubú.

"Ẹ fẹ́ kun ìrù ológbò ní dáì! Bó bá hù ńkọ́? Ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta lẹ ó máa gbé e wá fún mi kí n tún un kùn?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó nu ojú. "Baálé mi, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n yín."

"Bó bá padà. Lójúkojú."

"Ó ti tó. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan dáì mi mọ́."

Ìyàwó mi ò bínú. Mo ti rò pé yóò bínú. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀kan nínú wọn kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo ti sọ ọ́ ní Arìnká. Bí àwọn mẹ́ta yòókù bá ń sùn lábẹ́ gílóòbù, òun á wọ́ dé ẹnu àpótí, á yọ orí síta, á sì gbé àgbọ̀n lé táìlì tútù. Ibẹ̀ ló ń sùn sí, orí níta, ara nínú. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹwàá lónìí. Ó jáde lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Imú Arìnká dọ̀tí. Ṣóńṣó etí rẹ̀ náà rí bíi pé ó fi kan èédú. Mo wo ọwọ́ mi: fáníìṣì dúdú tí mo fi ń kun férémù wà lábẹ́ èékánná mi. Èmi náà ni! Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ imú rẹ̀. Kò kúrò. Mo tún un fọ̀. Arìnká sín, ó gbá mi lọ́wọ́.

Ìyàwó mi wọlé, ó rí imú dúdú, ó rí mi pẹ̀lú àwo omi.

"Ẹ ti kùn ún!"

"Mi ò kùn ún!"

"Baálé mi, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí."

"Mo ní mi ò kùn ún! Lọ wo ìgò dáì rẹ!"

Ó lọ wò ó lóòótọ́. Ó padà wá, ó mú Arìnká lọ sí ojú fèrèsé, ó fi ojú onídìrí wò ó. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí irun rẹ̀, ó wo ìdí irun náà.

"Dáì kì í rí báyìí," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Láti ìdí ló ti ń bọ̀. Irun yìí fúnra rẹ̀ ló ń dúdú."

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo ranṣẹ́ sí dókítà ẹran, ó dé kí n tó mu tíì mi tán. Kó tó wo àwọn ọmọ, ó wo àpótí. Ó na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó fà á yọ bí ẹni tí iná jó.

"Bàbá, àwọn ọmọ lẹ ń tọ́ ni, àbí ẹ ń dín wọn?"

Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ti di àṣà mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí fèrèsé.

Ó jókòó, ó fi Arìnká sórí itan. "Ẹ gbọ́. Funfun ni wọ́n ń bí gbogbo wọn, torí inú ìyá gbóná. Irun wọn ò ní dúdú níbi tó bá gbóná. Ibi tó bá tutù lára ló ń dúdú: etí, imú, ẹsẹ̀, ìrù. Ẹ ò rí ibi tí mo fá lára ìyá wọn? Òtútù kan ibẹ̀, ló ṣe hù ní dúdú. Yóò padà sípò."

"Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

"Ṣé ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kan wọ́n ni? Àwọ̀ ò ní yọ nínú ààrò."

Mo ní, "Ìyẹ̀fun kọ́ ni bàbá wọn nìyẹn?"

Ó ronú díẹ̀. "Bàbá gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ yìí lẹ́jẹ̀, ìyá gbọ́dọ̀ ní in, kó tó yọ lára ọmọ. Èyí," ó tẹ Arìnká nímú, "kì í ṣe ti oníbúrẹ́dì. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín: ológbò lè bí ọmọ bàbá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pa gílóòbù yẹn, ẹ kó ìgò kúrò, ìyá wọn àti aṣọ tó wọn. Kí ẹ wá máa wòran."

Mo pa gílóòbù. Mo kó ìgò kúrò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Etí ọmọ kejì! Eérú eérú ni, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Mo pe ìyàwó mi láti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré wá pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú ìdajì irun. Àwa mẹ́ta dọ̀bálẹ̀ sórí táìlì, a ń wo etí.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ẹ̀kẹta. Imú àti ìrù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ra kéèkì lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ó ní, "Àna mi, kí là ń ṣe?" Mo ní, "A ń yọ ara wa kúrò nínú àna." Kò yé e, ó sì fi ọ̀kan lé e fún mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀kẹrin ṣì funfun. Abo ni, òun ló kéré jù, abẹ́ ikùn ìyá rẹ̀ ló ń gbé tọ̀sán tòru. Mo ti fi gíláàsì tí mo fi ń wo igun férémù wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún wò ó, yóò tijú, kò ní dúdú mọ́ láé.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Kò tíì yọ. Lọ́la ni.

Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, n ò ní fo ọ̀kan.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ dé, bàbá àgbà kan tó wọ kóòtù, ó gbé rúlà àti gíláàsì àti ìwé ńlá kan lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, kò sí ọ̀pá! Olorì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì. Ó sáré jáde, ó ń ké, ó ń sọ gbogbo oṣù mẹ́ta náà fún un láì mí. "Mo gbọ́, músù mi," ni Ẹ̀gbọ́n mi ń wí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Ó fi oúnjẹ dù ọ́? Irọ́ lò ń pa, o ti sanra."

Akọ̀wé gbé Arìnká. Ó wo ojú rẹ̀, ó wọn ìrù rẹ̀, ó fi omi rẹ áńkáṣíìfù funfun, ó fi nu imú rẹ̀, ó wo áńkáṣíìfù náà bóyá kíkùn ni. Ìyàwó mi wò mí láti ẹ̀gbẹ́. Mi ò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Áńkáṣíìfù náà mọ́. "Ó dára," ló wí. Ìkejì, "Ó dára." Ẹ̀kẹta, "Ó dára gan-an."

Ó gbé ẹ̀kẹrin. Ó gbé e síwájú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ó pẹ́. Ó tẹ gíláàsì mọ́ etí rẹ̀.

"Hùn-ún. Èyí ń lọ́ra," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ti ń bọ̀. Ẹ wá wo etí yìí lábẹ́ oòrùn."

Mo wò ó. Eérú fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù kan ìwé. Àná kò sí níbẹ̀. Mo búra pé àná kò sí níbẹ̀.

Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá náà, ó ṣí ìdérí bírò rẹ̀. Kí n dákẹ́ ló kù. Gbogbo rẹ̀ ti dára, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ẹnu mi ló ṣí fúnra rẹ̀.

"Ẹ dúró, bàbá. Mo ṣí fèrèsé."

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò ó fún un. Ìṣó mẹ́ta náà kò ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àwọ̀ ti jẹ́rìí ṣáájú yín, ọ̀gbẹ́ni. Èyí tí bàbá ò bá ní, ọmọ ò lè rí i jogún. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti akọ wa ni." Ó kọ ọ́. Mo gbọ́ bí bírò ṣe ń ha lórí ìwé, mi ò tíì gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó mu omi, ó dágbére, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dìde. Ó ṣí àpò ìgò ojú rẹ̀, ó fa bébà kan jáde tó ti pọ́n, tí a ká sí mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ gún régé, rúlà ni wọ́n fi ya á.

"Kà á," ló wí. "Sókè, kí ìyàwó rẹ náà gbọ́."

Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni, ti ogún ọdún sẹ́yìn. Mo kà á: "Ìyá wọn bí márùn-ún lónìí, funfun ni gbogbo wọn. Akọ ìta kan ti bà á jẹ́. Ojú tì mí. Mo ti kó wọn fún obìnrin ẹlẹ́ja." Lábẹ́ rẹ̀, oṣù méjì lẹ́yìn náà: "Mo lọ ra ẹja. Wọ́n jókòó sórí tábìlì ẹlẹ́ja, márààrún, ojú dúdú, ẹyinjú búlúù. Wọ́n ń pariwo mọ́ ọn. Ó ní òun ò lè tà wọ́n fún mi, òun ti fẹ́ràn wọn."

Mo wo Ẹ̀gbọ́n mi. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín! Ìyàwó mi gbà á, èmi náà gbà á, Olorì náà sì ń ké mọ́ wa torí kò mọ ohun tí à ń rẹ́rìn-ín sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé funfun ni wọ́n ń bí wọn?"

"Bí mo bá sọ ọ́, wàá béèrè bí mo ṣe mọ̀." Ó nu ojú. "Mo rò pé wàá pè mí, kó o ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, funfun ni wọ́n o.' Ṣebí o kì í lè pa nǹkan mọ́ra? Lójoojúmọ́ ni mò ń retí ìpè yẹn. Mi ò mọ̀ pé ọdún yìí lo máa kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́."

"Mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀kan tí ó yẹ kó o dákẹ́, níwájú akọ̀wé, ìgbà yẹn lo sọ̀rọ̀." Ó fà mí létí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìbàdí yìí ò jẹ́ kí n lè máa bẹ̀rẹ̀ mọ́. Arìnká àti èyí tó ń lọ́ra, tìrẹ ni. Ìran náà wà lọ́wọ́ rẹ. O ti parí nǹkan kan."

Mo ní kí n fi férémù sí bébà náà, mo ní igi kan tó bá a mu.

"O fẹ́ gbé ìtìjú mi kọ́ ògiri?"

"Kí n gbé tèmi náà kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ronú sí i. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Dípò bẹ́ẹ̀ ó fa ìwé àtijọ́ rẹ̀ síwájú mi, ó ṣí i sí ÌBÍMỌ, níbi tí ewé ti ya, ó fi bírò lé mi lọ́wọ́. "Kọ ọ́, fún ẹni tó máa gbà á lẹ́yìn wa." Ó ń pè é, mò ń kọ ọ́, Arìnká sì ń lé ẹnu bírò kiri. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò dára tó tirẹ̀, àmọ́ ó ṣeé kà:

Funfun ni wọ́n ń bí wọn. Má bẹ̀rù. Má dín wọn. Bí ẹ̀rù bá sì bà ọ́, pe ẹ̀gbọ́n rẹ.

Mo fi ìlà kan sí i fúnra mi: Ti fèrèsé.